Òṣùwọ̀n Ìwé Ìbídùn

Ẹ sún mọ́ àárín àgọ́, kí ọ̀wààrà òjò yìí má baà ta sí yín lára. Ọ̀nà oko ti di odò, ẹran tí a fẹ́ pa ti wọ ihò, kò sì sí ẹni tí yóò lọ síbì kan nínú wa. Nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, ẹnu ni í ṣiṣẹ́. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ti fi ọgọ́ta ọdún gbé ìbọn. Mo ti bá ẹfọ̀n jìjàkadì dé ibi tí ẹfọ̀n fi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun mí díẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi ẹfọ̀n náà. Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ìtàn Ọdẹ́rìndé ni, ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ. Bí ó ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún yín; n kò ní fi nǹkan kan kún un, àfi ibi tí ó bá ti yẹ kí n fi kún un.

Ìlú Òkè-Ìrọ̀rùn ni Ọdẹ́rìndé ń gbé pẹ̀lú Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ọmọ náà sì kú nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín ni ọ̀rọ̀ ti gbẹ nínú ilé wọn. Wọn kò jà o. Ó kàn dà bí ìgbà tí olúkúlùkù ń rìn lórí ẹyin ni. “Oúnjẹ rèé.” “O ṣeun.” “Mo ń lọ sígbó.” “Ẹ máa rọra.” Ohun tí tọkọtaya ń bá ara wọn sọ fún ọdún mẹ́ta gbáko nìyẹn.

Aránṣọ kan wà nílùú náà tí ń jẹ́ Ìbídùn. Bí ó bá ránṣọ tán, a máa kọ ìtàn sílẹ̀, a sì mú un lọ bá àwọn tí ń tẹ̀wé. Wọn a tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí òróró àkàrà máa ń là kọjá. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni *Òrùka Nínú Odò*. Ọmọge kan, Àṣàbí, ń fẹ́ dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù. Ọkọ̀ já sódò, wọ́n ní dẹ́rẹ́bà ti kú. Ọjọ́ tí Àṣàbí fẹ́ ṣe ìyàwó ẹlòmíràn ni dẹ́rẹ́bà wọlé dé pẹ̀lú òrùka lọ́wọ́. Apá mẹ́ta ni ìwé náà. Aláta ń kà á, bíríkìlà ń kà á, ẹni tí kò mọ̀wé a sì bẹ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà pé kó ka díẹ̀ sí òun létí.

Àwẹ̀ró mọ̀wé díẹ̀. Ó ra apá kìn-ín-ní, ó sì ń kà á sókè lọ́sàn-án ọjọ́ kan bí ó ti ń ṣa ẹ̀gúsí. Ọdẹ́rìndé ń pọ́n àdá lẹ́yìn ògiri, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tí ọkọ̀ já sódò, Àwẹ̀ró pa ìwé dé, ó fẹ́ lọ gbé omi kaná. Ọdẹ́rìndé yọjú.

“Má tíì dákẹ́,” ni ó wí. “Ó kú ni àbí kò kú?”

“Ẹ̀yin náà ń gbọ́?”

“Mo ní ó kú ni àbí kò kú?”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe padà wọ ilé wọn nìyẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí Àṣàbí. Láti orí Àṣàbí wọ́n dé orí àwọn ará àdúgbò. Ó wá di ọjọ́ kan tí wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ tiwọn. Wọ́n sunkún lọ́jọ́ náà, wọ́n sì jẹun yó.

Olórí ilé-ẹ̀kọ́ ìlú ni Tíṣà Ajíbóyè. Ọkùnrin tí ó gbọ́ Yorùbá dénú egungun ni, tí kì í jẹ́ kí àmì ohùn kan ṣìnà lójú rẹ̀. Nígbà tí ìlú kọ́ ilé ìkàwé, tí wọ́n kó ìwé Ìbídùn síbẹ̀, Tíṣà ní kí wọ́n kó o jáde. Àwọn kan ní àwọn kò kó o. Ọ̀rọ̀ dé ààfin.

“Kábíyèsí,” ni Tíṣà wí, “pàǹtírí ni. Kò sí ọgbọ́n níbẹ̀, kò sí ẹwà èdè. Bí a bá ń fi bọ́ àwọn ọmọ wa, ọpọlọ wọn yóò rọ bí ẹ̀kọ tí oòrùn pa. Ẹ jẹ́ kí a dáná sun ún, kí aránṣọ gbájú mọ́ aṣọ rírán.”

Ìyálọ́jà ní, “Gbogbo ìlú ló fẹ́ràn rẹ̀, Kábíyèsí. Ohun tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn, báwo ni yóò ṣe burú?”

“Gbogbo ènìyàn náà ló fẹ́ràn òfófó,” ni Tíṣà dá a lóhùn.

Ọba wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì ló wọ̀ mí létí,” ni ó wí, “ohun tó sì ń dẹ́rù bà mí nìyẹn. Àwọn baba wa sọ fún wa pé ìyá arúgbó kan ń bẹ lórí Òkè Àìwọ̀n, lẹ́yìn igbó àwọn ẹbọra, tí òṣùwọ̀n ohun gbogbo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí yóò lọ bi í léèrè, kó dìde. Bí a bá jẹ iṣu tuntun tí ẹni náà kò tíì padà dé, a ó sun ìwé náà.”

Àwọn ọdẹ ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Àwẹ̀ró, tí ó jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin, wo ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbéyàwó mọ irú wíwò bẹ́ẹ̀. Ọdẹ́rìndé dìde.

Lọ́jọ́ kejì Àwẹ̀ró di àádùn àti ẹran gbígbẹ fún un. “Ẹ bi í dáadáa,” ni ó wí. “Ẹ má jẹ́ kó fi òwe lé yín padà.”

N kò ní fi ìrìn ẹsẹ̀ yọ yín lẹ́nu. Ó rìn títí, ó dé igbó kan tí ẹyẹ kì í ké nínú rẹ̀, tí ewé kì í sì í mì, nítorí pé ohun gbogbo níbẹ̀ ń tẹ́tí sílẹ̀. Iwin kan dùbúlẹ̀ dábùú ọ̀nà. Agbọ́tán ni orúkọ rẹ̀. Etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò méjì tó gbó. Ó tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀, ó fi ìkejì bora, ikùn rẹ̀ sì rí bí òkìtì ọ̀gán.

“Ọdẹ,” ni iwin náà wí, “kò sí ọ̀nà mìíràn, orí ikùn mi ni ọ̀nà gbà. Pa ìtàn fún mi. Bí ó bá dára, máa lọ. Bí ó bá burú, n ó pa ọ́ jẹ.”

Ọdẹ́rìndé ronú pé ẹni tí ń bẹ̀rù ikú, ohun tó dájú ni í mú. Ìtàn kan wà tí Tíṣà Ajíbóyè kọ, tí ó kà fún ìlú ní àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́, ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu tí ó sì di ènìyàn ńlá. Ọdẹ́rìndé há a sórí látìgbà náà. Ó pa á, kò fo gbólóhùn kan. Agbọ́tán ń mi orí. “Èdè ń bẹ níbẹ̀,” ni ó ń wí. “Òwe yẹn bọ́ sí i.” Ṣùgbọ́n bí ó ti ń yìn ín ni ó ń yán, nígbà tí ìtàn sì parí, ó dìde jókòó.

“Ó dára. Kò sí gbólóhùn kan tó wọ́. Wá kí n jẹ ọ́.”

“Ṣebí ẹ ní bí ó bá dára, kí n máa lọ?”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ebi ni mò ń rántí.”

Èmi ì bá wà níbẹ̀, ǹ bá ti fi etí rẹ̀ wé e mọ́ igi. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi jẹ́ onísùúrù ènìyàn. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí iwin jẹ́ kí òun pa ọ̀kan sí i kí òun tó kú, ó sì bẹ̀rẹ̀ *Òrùka Nínú Odò*. Nígbà tí Àṣàbí pàdé dẹ́rẹ́bà, Agbọ́tán ká etí rẹ̀ kúrò lára. Nígbà tí ọkọ̀ já sódò, ó gbá ilẹ̀ mú. Oòrùn kúrò lókè orí, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀run, iwin náà kò sì rántí oúnjẹ. Omijé ń ṣàn wọ inú etí rẹ̀, ó ń gbọ̀n ọ́n dànù bí ajá tó bọ́ sómi. Nígbà tí ìtàn parí, ó fò dìde, inú ń bí i.

“Ìtàn burúkú ni,” ni ó wí. “Báwo ni ọkùnrin náà ṣe wà láàyè nínú odò fún oṣù méje? Kí ni ó ń jẹ? Ìyá ọkọ tí wọ́n ní afọ́jú ni, ta ló là á lójú tó fi rí òrùka? Ẹni tó kọ ọ́ kò bìkítà.”

“Ṣé ẹ ó wá pa mí jẹ?”

Agbọ́tán jókòó, ó tún dìde. “Èyí tó dára, mo fẹ́ pa ọ́ jẹ nítorí rẹ̀. Èyí tó burú, n kò lè pa ọ́ jẹ. Kò tíì ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Kọjá lọ kíákíá, kí n tó tún un rò.”

Ọdẹ́rìndé kọjá lórí ikùn rẹ̀, orí rẹ̀ wúwo ju ìgbà tó dé lọ. Ó ní bí iwin bá tilẹ̀ lè sunkún lórí ohun tí ó kórìíra, a jẹ́ pé ẹkún kì í ṣe ẹ̀rí. Bí ẹkún kì í bá sì í ṣe ẹ̀rí, kí ni ẹ̀rí?

Ìlú kan ni ó tún kàn, Gbogbo-Wa ni wọ́n ń pè é. Kò bá ẹnì kan nínú ilé. Gbogbo ìlú wà ní gbàgede, wọ́n yí ọkùnrin kan ká tí ń pìtàn, èrò náà sì pọ̀ dé ibi pé ẹni tó wà lẹ́yìn kò lè rí iwájú. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Inú Ọdẹ́rìndé dùn. Ó ní èsì tí òun ń wá rèé: ohun tí ó fa irú èrò báyìí kò lè burú. Ó wọ àárín wọn.

Ó bi obìnrin kan, “Ẹ jọ̀ọ́, ìtàn kí ni?”

“N kò gbọ́ ọ dáadáa,” ni obìnrin náà wí, “ṣùgbọ́n ó dùn. Bi ẹni tó wà níwájú mi.”

Ẹni tó wà níwájú ní kó bi ẹni tó wà níwájú òun. Báyìí ni ó ń bi wọ́n lọ, tí èrò ń pa dé lẹ́yìn rẹ̀ bí omi, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ apìtàn. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Apìtàn náà ti gbẹ bí igi. Ohùn rẹ̀ kò ju ti kòkòrò lọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó ń tún sọ.

“Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò sinmi?”

“Wọn kò tíì lọ,” ni apìtàn wí. “Nígbà tí wọn kò lọ, mo gbà pé ó dára.”

Ọdẹ́rìndé bi ẹni tó wà lápá ọ̀tún ìdí tí kò fi lọ. Ẹni náà ní àwọn yòókù kò lọ. Nígbà náà ni Ọdẹ́rìndé rí i pé òun fúnra òun kò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́, ọwọ́ òun sì ti ń pàtẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù bà á ju ti Agbọ́tán lọ. Ó kígbe pé, “Ta ló lè sọ fún mi ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn yìí?” Àwọn kan ní ìjàpá ni, àwọn kan ní ọba ni, àwọn kan ní kò sí ọba níbẹ̀ rárá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, èrò tú díẹ̀, ọ̀gá mi sì gba ibi tó tú sá jáde. Kò wẹ̀yìn.

Bí ó ti ń gun Òkè Àìwọ̀n, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyálọ́jà kò tọ̀nà. Tíṣà náà kò tọ̀nà. Tí àwọn méjèèjì kò bá tọ̀nà, kí ni òun ń lọ ṣe lórí òkè?

Ó bá ìyá arúgbó náà tí ó jókòó, tí ó ń mọ ìkòkò. Kò ní ìwo, kò yọ iná lójú. Amọ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lápá títí dé ìgúnpá.

“Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Òo. Jókòó síbi tí kò tutù.”

Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀, ó rò fún un láti orí ìwé dé orí iwin, ó sì ní kó fún òun ní òṣùwọ̀n. Ìyá náà nawọ́ sí ìkòkò mẹ́ta. Wọ́n fín àrà sára èkíní títí ojú kò fi fẹ́ kúrò lára rẹ̀. Èkejì jẹ́ ìṣaasùn ọbẹ̀ dúdú. Ẹ̀kẹta jẹ́ ìkòkò omi lásán.

“Èwo ló dára?”

“Ìyá, ohun tí a bá fẹ́ fi ṣe ni yóò sọ ọ́. Ìṣaasùn dára fún ọbẹ̀. Èyí dára fún omi. Èyí tí ẹ fín, ó dára fún wíwò.” Ó rò pé òun ti yìnbọn ba ẹran.

Ìyá náà bu omi sínú ìkòkò omi. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò nídìí rẹ̀.

“Ìkòkò omi ni, omi ni a sì ní kó gbà. Ó dára bí?”

“Kò dára, Ìyá.”

“Nítorí náà, má fi ‘ohun tí a fẹ́ fi ṣe’ sá pamọ́ fún mi.”

“Ó yé mi wàyí. Èyí tó ń jò kò dára.”

Ìyá náà tún nawọ́ sílẹ̀. Níbi tí omi ń kán sí, tẹ̀tẹ̀ ti hù yí ìkòkò náà ká, ẹyẹ méjì sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń mu nínú omi náà. “Lọ sọ fún àwọn wọ̀nyí,” ni ó wí.

Ọdẹ́rìndé fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mú. “Ẹ ti da orí mi rú pátápátá. Kí ni kí n wí fún ọba?”

“Ẹni tó ní kí wọ́n sun ìwé náà, ó kà á tán?”

“N kò bi í.”

“Ẹni tó ní gbogbo rẹ̀ ló dára ńkọ́?”

“N kò bi òun náà.”

“O gun orí ikùn iwin, o la ìlú Gbogbo-Wa kọjá, o kò sì bi wọ́n?” Ìyá náà padà sídìí amọ̀ rẹ̀. “Ẹni tí kò gbé ìkòkò rí kò lè mọ̀ bóyá ó ń jò. Máa lọ sílé.”

Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí wọ́n jẹ iṣu tuntun nígbà tí ó wọ Òkè-Ìrọ̀rùn. Gbogbo ìlú péjọ sí ààfin. Ọdẹ́rìndé sọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí, ó sì yíjú sí Tíṣà.

“Tíṣà, ẹ dákun, ẹ kà á tán bí?”

“Ojú ewé mẹ́rin ni mo kà,” ni Tíṣà wí. “Ẹni tó bá tọ́ ọbẹ̀ wò, kò di dandan kó jẹ ìkòkò tán kó tó mọ̀ pé iyọ̀ pọ̀ jù.”

Òótọ́ ni èyí náà lójú Ọdẹ́rìndé. Ó wo ọba.

“Bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ọbẹ̀, a kì í sun ilé,” ni Kábíyèsí wí. “Tíṣà, lọ kà á tán. Ìyálọ́jà, ìwọ náà lọ kà á, kí o sì wá sọ ibi tí kò dára fún mi. Bí o kò bá rí ìkankan, a jẹ́ pé o kò kà á.”

Lọ́jọ́ keje wọ́n padà wá. Tíṣà kọ àṣìṣe méjìlélógójì sórí bébà, ó sì kà wọ́n síta lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé irọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀. “Ibì kan wà ní apá kejì,” ni ó wí, “tí Àṣàbí ti ń fọ aṣọ ọkùnrin tí ó rò pé ó ti kú, nítorí kó má baà bu lápòótí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ibẹ̀. N kò rí nǹkan kan ṣe sí i.” Ó wọ ìgò ojú rẹ̀ padà, bí ẹni tí inú ń bí sí ara rẹ̀.

Ìyálọ́jà ní apá kẹta kò dùn, pé ó yára ju bó ti yẹ lọ, bí ìgbà tí ọkọ̀ ń dúró de ẹni tó kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu rẹ̀.

Ọba ní kí wọ́n má sun ìwé, kí ó wà ní ilé ìkàwé, kí wọ́n sì fi bébà Tíṣà há a lẹ́yìn. Ìlú tú ká. Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tán, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Lọ́jọ́ kejì ìyẹn ni Ìbídùn wá sí ilé Ọdẹ́rìndé. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò dìde.

“Bàbá, Ìyá, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Àwọn tó fẹ́ràn ìwé mi, ó dùn ni wọ́n ń sọ. Àwọn tó kórìíra rẹ̀, àṣìṣe ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kà. Kí ni kò dára níbẹ̀ gan-an?”

Ọdẹ́rìndé fẹ́ sọ pé gbogbo rẹ̀ dára. Àwẹ̀ró ṣáájú rẹ̀.

“Jókòó,” ni ó wí. “Ọ̀rọ̀ pọ̀.”

Ó wọlé, ó kó apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, ó sì ti ṣẹ́ etí ojú ewé wọn po káàkiri. Ó ní ọkọ kejì tí Àṣàbí fẹ́ fẹ́ kò ní ìwà kankan, ó kàn ń dúró bí òpó. Ó ní òjò ń rọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ń sunkún. Ẹnu ya ọkọ rẹ̀.

“Àwẹ̀ró, nítorí ìwé yìí kan náà lo ṣe rán mi lọ sẹ́nu iwin?”

“Èmi ni mo rán yín.”

“O wá mọ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀?”

“Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran,” ni Àwẹ̀ró wí. “Ẹni tí kò bá jẹ́ nǹkan kan fún mi, n kì í bá a wí.” Ó ṣí apá kejì. “Ìbídùn, ibí yìí ló dùn mí jù. Àbúrò Àṣàbí kú ní ojú ewé ogún. Ní ojú ewé kejìlélógún, ìyá wọn ti ń gún iyán. Ìyá kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi mọ̀.”

Ìbídùn tẹjú mọ́ ilẹ̀.

“Ìyá, ọjọ́ tí a sin ẹ̀gbọ́n mi, ìyá mi gún iyán. Mo rí i. Ó gún un títí ó fi di omi nínú odó, kò sí ẹni tó jẹ ẹ́, ó sì tún lọ be iṣu mìíràn.”

Ọdẹ́rìndé wo ìyàwó rẹ̀, ó wo aránṣọ, kò sì mọ ẹni tí ó jàre. Lójú tirẹ̀, ojú ewé náà ti burú, ó ti dára, ó sì tún ti burú, láàárín ìgbà tí eṣinṣin kan fi fò láti orí ìwé dé ẹnu ọ̀nà.

“Kí ló dé,” ni Àwẹ̀ró bi í jẹ́jẹ́, “tí o kò kọ ìyẹn síbẹ̀?”

“Mo rò pé àwọn ènìyàn á fẹ́ kí ìtàn tètè máa lọ.”

Àwẹ̀ró gbé ìwé náà lé e lórí ẹsẹ̀, ó wá nǹkan ìkọ̀wé fún un, ó sì fa ìjókòó tirẹ̀ sún mọ́ ọn. Ọdẹ́rìndé náà fa tirẹ̀.

“Kọ ọ́,” ni Àwẹ̀ró wí. “A ń dúró.”

Ibẹ̀ ni ọ̀gá mi sọ ìtàn náà kalẹ̀ fún mi, n kò sì ní agbára láti gbé e kọjá ibẹ̀.